Ọmọ tí Ìwé Kò Tètè Yé Kì í Ṣe Olórí Burúkú



Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan já geere, a ó ní olódo ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ pé orí burúkú ni ó yàn lọ́run. Èmi kò fara mọ́ èyí.

Àwọn onímọ̀ pe ọ̀kan nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ní dyslexia. Ọpọlọ ọmọ náà kì í tètè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ó má gbọ́n. Nínú èdè wa, àmì ohùn nìkan ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wo bí ẹrù náà yóò ti wúwo tó fún un.

Bí wọ́n bá ń fi irú ọmọ yìí ṣẹ̀sín, ìtìjú a mú un, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ mọ́, ìwé a sì túbọ̀ jìnnà sí i. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní sùúrù, ìkóra-ẹni-níjàánu, bí a ti ń sọ ohun tó ń dun ọkàn ẹni àti bí a ti ń tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 2011, Joseph Durlak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ètò 213 tó ń kọ́ni ní irú nǹkan wọ̀nyí jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 270,000 ni ó kàn. Àwọn tí a kọ́ ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ ìwé ju àwọn tí a kò kọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ni ìwádìí náà dá lé, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ìwé ń ṣòro fún ni ó nílò rẹ̀ jù.

Ilé awo kò ṣàjèjì sí ọ̀nà yìí. Odù 256 kì í wọ ọmọ awo lórí lọ́jọ́ kan. Olúwo a pe ẹsẹ, ọmọ awo a tún un pè, títí yóò fi yanjú. Bí ó bá kọsẹ̀, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ifá kò sì ní kí a fi Orí sílẹ̀ láìfi Ẹsẹ̀, èyíinì ni akitiyan, tì í lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè ní sùúrù nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní A, B, D. Òótọ́ ni. Ó ṣì nílò olùkọ́ tí yóò máa fi lẹ́tà àti ìró hàn án díẹ̀díẹ̀, ó sì lè nílò àfikún àkókò nígbà ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní lè fara balẹ̀ gba ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bọ Orí ọmọ yín, kí ẹ sì lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orí tí a bọ ní òwúrọ̀, kò yẹ kí a bú u ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ìwé kíkà.

Kí Orí gbogbo ọmọ wa gbè wọ́n. Àṣẹ.