Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kò kàn án

 

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa bi mí pé kí ló dé tí mo ń fi wákàtí kan ṣeré nínú ẹ̀kọ́ Sátidé. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ̀kọ́ obì la ní kí ẹ kọ́ wọn, ẹ wá ń pa àlọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, n ò ní purọ́. Èsì mi nìyí.

Eré yẹn kì í ṣe àlọ́ àpamọ̀ gan-an. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ẹ ó gbọ́, ẹ ó sì sọ ohun tó jẹ́. Nínú eyí, ẹnì kan á sọ ìtàn kékeré tó rúni lójú, àwọn tó kù á máa bi í ní ìbéèrè. Èsì mẹ́ta péré ló lè fún wọn: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, kò kàn án. Edward de Bono, dókítà ọmọ Málítà, ló fún irú ìrònú yìí ní orúkọ òyìnbó rẹ̀ ní ọdún 1967. Ìrònú tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni.

Ìtàn tí mo sọ fún wọn nìyí. Ọkùnrin kan ń gbé ní àjà kẹwàá ilé gíga kan. Ní àárọ̀, á wọ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè-rodò, á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá dá wà nínú ẹ̀rọ náà, àjà keje ló ń bọ́ sílẹ̀ sí, á fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò, á gbé e dé kẹwàá. Kí ló fà á?

"Ṣé ó fẹ́ kí ara òun le ni?" Bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní àjà keje?" Bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ṣé ó jẹ gbèsè ni, tó ń sá?" Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ẹ wò ó, wọn ò béèrè nǹkan kan. Èsì tí wọ́n ti ní lọ́kàn ni wọ́n kàn fi "ṣé" sí níwájú. Bó bá já sí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ wọn á tún ṣófo.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ wá ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ara ọkùnrin yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ara rẹ̀ ò yá?" Bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó bọ́tìnì?" Gbogbo yàrá dákẹ́. Aràrá ni ọkùnrin náà. Bọ́tìnì keje lọ́wọ́ rẹ̀ mọ. Lọ́jọ́ òjò, ó ń fi agbòjò rẹ̀ tẹ ìkẹwàá.

Ilé Ọbàtálá ni ilé wa o! Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni Òrìṣà ni aràrá, ni àfín, ni abuké. Síbẹ̀, bí a ṣe gbọ́ "ọkùnrin kan", ara tiwa la fi wọ̀n ọ́n. Ta ló sọ fún wa pé ó ga? Àwa la fi gíga kún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí obì. Agbọn la ń lò níhìn-ín, bí àwọn ará Kúbà ṣe fi lé wa lọ́wọ́, ègé mẹ́rin. Funfun méjì, dúdú méjì, Eyeife nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni tó dúró ṣinṣin. Funfun mẹ́ta, Itagua ni, a ó tún béèrè. Ní ilé tiwa, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé nǹkan kù nínú ìbéèrè náà. Ó sún mọ́ "kò kàn án" inú eré wa.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà. Ojú mẹ́jọ ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó lè dé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré, odù 256 ti jáde. Ẹ kà á padà: 256, 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá ń pín nǹkan sí méjì dọ́gba, mẹ́jọ á tó o láti mọ odù tí mo fi pamọ́. Ẹni tó bá ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lè béèrè ìgbà 255.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún kejì tí wọ́n gbé Òrìṣà lé mi lórí, mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n kó lọ sí ìlú mìíràn. Mo béèrè bóyá kí n lọ. Obì ní rárá. Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo tún dà á. Rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì di ẹrù mi kíá. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo padà wálé pẹ̀lú gbèsè. N ò béèrè bóyá owó ni, bóyá ìlera ni, bóyá àsìkò ni kò tíì tó. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni mo ń wá. Mo sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa báyìí, wọ́n á da obì títí á fi gbà fún wọn.

Nítorí náà, n ò ní fi obì lé ọmọ kankan lọ́wọ́ nínú kíláàsì mi títí yóò fi mọ ìbéèrè í bi nínú eré. Bí inú bá ń bí àgbà wa, kí wọ́n wá jókòó tì wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Èyí tí a ó ṣe nìyí: ọkùnrin kan wọ ilé ọtí, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Ẹni tó ń ta ọtí yọ ìbọn sí i. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣé o," ó sì jáde láì mu omi.