A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ̀kọ́ Àbàtà Diawling

Àbàtà Diawling wà ní gúúsù Mauritáníà, níbi tí odò Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń wọ òkun. Láyé àtijọ́, lọ́dọọdún ni odò náà máa ń kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀. Ẹja a yé sáàárín koríko, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù a sì fi ibẹ̀ ṣe ilé títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀.

Ní 1986, ìdídò Diama lórí odò náà parí. Wọ́n kọ́ ọ kí omi iyọ̀ má baà gun odò lọ sókè, kí omi oko má sì wọ́n. Ó ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó gba àkúnya odò lọ́wọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ gbẹ, iyọ̀ bò ó, koríko kú, ẹja àti ẹyẹ sì di ọ̀wọ́n. Oúnjẹ apẹja, darandaran àti àwọn obìnrin tó ń fi koríko àbàtà hun ẹní bá a lọ.

Lọ́dún 1991, ìjọba Mauritáníà ya hẹ́kítà 16,000 sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ìdáàbòbò ẹranko. Ẹ̀rù ba àwọn ará abúlé, nítorí ní Djoudj, lódìkejì odò, ṣe ni wọ́n kó àwọn onílẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1971. Ọ̀nà mìíràn ni Diawling gbà. Àwọn ará ibẹ̀ dúró sórí ilẹ̀ wọn, àwọn alábòójútó ibẹ̀ sì bá wọn jíròrò ìgbà tó yẹ kí omi wọlé àti ìgbà tó yẹ kó fà. Apẹja ń fẹ́ kí omi tètè dé kí ẹja lè yé. Darandaran ń fẹ́ kó fà lásìkò kí koríko lè hù. Ahunní ń fẹ́ kí koríko tirẹ̀ mumi yó.

Láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn omi lásìkò òjò, bí odò fúnra rẹ̀ ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ omi tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 1992 jẹ́ nǹkan bí 2,000. Nígbà tó fi di 1998, wọ́n ti lé ní 35,000. Òfú padà, flamingo padà. Ẹja tí wọ́n ń pa, tí kò pé tọ́ọ̀nù kan lọ́dún tẹ́lẹ̀, di tọ́ọ̀nù 113. Koríko ẹní tún hù.

Ìjọba tó bá fẹ́ jí àbàtà tó ti kú dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá omi padà sí i, torí ẹyẹ omi kì í padà síbi tí omi ti gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé etí omi ló mọ ìgbà àti ìwọ̀n rẹ̀. Kí a tó ṣí ilẹ̀kùn omi, àwọn ni kí a kọ́kọ́ pè jókòó.