Ojú Tí Kò Ní Orúkọ

 Nínú oṣù kọkànlá yìí ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń gbé àwòrán bàbá tàbí ìyá tó ti sùn nínú Olúwa sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, tí wọ́n á nu eruku ojú rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Rósárì. Nítorí náà ni a ṣe ní kí ojú ewé ìdílé ti oṣù yìí sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò. Ọ̀nà jíjìn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ibẹ̀ ni àwòrán àwọn ènìyàn wa kan wà láti ọdún 1930, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ọkùnrin olówó kan gbé ní Paríìsì nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ni Albert Kahn. Iṣẹ́ báńkì ló fi là. Láti 1909 títí di 1931 ni ó fi owó ara rẹ̀ rán àwọn ayàwòrán káàkiri ayé, pé kí wọ́n lọ ya bí àwọn ènìyàn ti ń gbé, bí wọ́n ti ń ná ọjà, bí wọ́n ti ń jọ́sìn, bí òkè àti odò wọn ti rí, kí ayé tó yí padà. Ó gbà pé bí àwọn orílẹ̀-èdè bá mọ ojú ara wọn, ogun yóò dín kù. Ogun kò dín kù, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà ṣì wà: nǹkan bí 72,000 lórí dígí, gbogbo wọn ní àwọ̀, wọn kì í ṣe dúdú àti funfun.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí dígí yìí, nítorí iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ìlú Lyon, Auguste àti Louis Lumière, ni wọ́n rí ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1907. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á yọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀, èyí tó kúnná bí àtíkè, wọ́n á pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n á rẹ apá kan ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, apá kejì ní àwọ̀ ewé, apá kẹta ní àwọ̀ aró. Wọ́n á po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á fọ́n ọn sórí dígí, wọ́n á fi ẹ̀ẹ́dú lẹ́búlẹ́bú dí àlàfo tó wà láàárín wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sí i lórí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín àwọn ìyẹ̀fun aláwọ̀ wọ̀nyí kọjá, ojú ènìyàn á kó wọn jọ, á sì rí àwọ̀ aṣọ bí ó ti rí gan-an. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dín ọ̀dùnkún tà ní òwúrọ̀, ẹ rí i pé ohun ọ̀ṣọ́ ni ẹ ń fi òróró jẹ.

Ṣùgbọ́n dígí náà lọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá ń yà ní láti dúró bí òpó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ará àtijọ́ fi máa ń le bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán. Kì í ṣe pé inú ń bí wọn. Ọmọ kékeré tó bá mi orí á di kùrukùru lásán.

Báwo ni irú dígí bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Fadá ló mú un wá. Fadá Francis Aupiais, ti ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Lyon tí a ń pè ní SMA, ni wọ́n bí ní 1877. Ó ti lo ohun tó lé ní 20 ọdún ní Dahomey, ní Àjàṣẹ́ pàápàá, kí wọ́n tó pè é padà sílé. Ní 1925 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní La Reconnaissance africaine, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ti ń kọ ìtàn àti àṣà wọn sílẹ̀. Paul Hazoumé, tí ó wá tẹ ìwé Doguicimi jáde ní 1938, wà lára wọn. Ohun tí Fadá náà ń wá ni pé kí àwọn ará Faransé mọ̀ pé ènìyàn ọlọ́gbọ́n, onílàákàyè, ni àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí. Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Nígbà tí ó padà wá ní ìparí 1929, owó Kahn wà lẹ́yìn rẹ̀, ayàwòrán Kahn kan tí ń jẹ́ Frédéric Gadmer sì wá bá a ní 1930. Àwòrán dígí tó lé ní 1,000 ni wọ́n yà láàárín oṣù mélòó kan, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù. Wọ́n ya àwọn ọba àti ìjòyè, wọ́n ya ọjà àti ilé, wọ́n ya míṣọ́n àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ya àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ pẹ̀lú ijó àti aṣọ wọn. Apá ìgbẹ̀yìn yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú Ìjọ. Kí ni Fadá ń fi kẹ́mẹ́rà wá ní ojúbọ? Ìbéèrè náà kò tíì tán nínú àwọn kan títí di òní, a mọ̀. Ní tiwa, a dúpẹ́ pé ó yà wọ́n, nítorí ohun tí kò yà, ta ni ì bá yà á? Ní oṣù kẹwàá 1945 wọ́n dìbò yan Aupiais láti ṣojú Dahomey àti Tógò ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ní Paríìsì. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ló kú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín ló sì ti jáde níbẹ̀.

Àwọn dígí náà wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ Kahn pè, ní Boulogne-Billancourt lẹ́bàá Paríìsì. Láti ìparí 2024 wọ inú 2025 wọ́n pàtẹ àwọn ti Dahomey níbẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà Benin ti òde òní sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tí kò lè lọ sí Paríìsì, kí ó ké sí ọmọ rẹ̀ tó mọ tẹlifóònù lò, nítorí wọ́n ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí ilẹ̀ pupa wa. Ẹ ó rí aṣọ aró bí ìyá àgbà ti máa ń wọ̀ ọ́. Ọkàn ènìyàn á sọ, bí ẹni pé àná ni.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí inú wa dùn tán. Bí ó bá jẹ́ ọba tàbí ìjòyè ni wọ́n yà, ẹ lè rí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ àwòrán. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, obìnrin ni, ọmọdé ni, ọlọ́jà ni, ó tán. Obìnrin yẹn, ìyá ẹnì kan ni. Ó lè jẹ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jókòó lórí àga kẹta ní iwájú yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, tí kò sì rí ojú ìyá àgbà rẹ̀ rí láyé. Ẹ tún wo ìyàlẹ́nu mìíràn: nínú ìwé batísí tó wà lọ́wọ́ míṣọ́n, orúkọ àwọn ará ìgbà náà wà níbẹ̀, ti òbí wọn, ti bàbá àti ìyá ìsàmì wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Orúkọ wà níhìn-ín tí kò ní ojú, ojú wà lọ́hùn-ún tí kò ní orúkọ, kò sì sí ẹni tó lè so wọ́n pọ̀ mọ́, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ.

Ṣé ẹ̀bi òyìnbó nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ògiri tiwa wò ná.

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ní kẹ́mẹ́rà lọ́wọ́ ni a ti ń ya ara wa. Ní Àjàṣẹ́, ta ni kò gbọ́ orúkọ Joseph Moïse Agbodjelou, tí wọ́n bí ní 1912, tí ó kú ní 1999? Ọmọ rẹ̀, Léonce Raphaël, tí wọ́n bí ní 1965, jogún iṣẹ́ náà, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ fọ́tò sílẹ̀, ó sì ń ya àwọn ará ìlú rẹ̀ nínú aṣọ aláràbarà, àwòrán tó ti dé òkè òkun. Àwọn mìíràn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kò ní gbé kọ́ sí pálọ̀ ẹni tí Fadá ń bẹ̀ wò, ká sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà jókòó fún fọ́tò pàápàá ní ìtumọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1978 lẹ́yìn tí ó ti wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún ní Nàìjíríà: àgbà á jókòó gbọnyin, á kọjú sí kẹ́mẹ́rà tààrà, á tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbilẹ̀, á gbé ọwọ́ lé itan. Ó tún rí ohun kan níbẹ̀ tí àwọn ìyá tó bí ìbejì yóò mọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó wà láàyè, wọ́n á yà á, wọ́n á sì tún wọ ti obìnrin fún un. Ìyá kan kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kejì pòórá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó kọ́kọ́ sin ọmọ ná.

Nísinsìnyí, ẹ gbé fọ́tò kan sọ̀kalẹ̀ nínú ilé yín, ti ìgbéyàwó ìyá àgbà tàbí ti Kòmúníò àkọ́kọ́ bàbá. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Nínú ilé mẹ́wàá, bóyá ni ẹ fi máa rí orúkọ nínú méjì. A mọ bàbá tó jókòó láàárín, ṣùgbọ́n ta ni ọmọbìnrin tó dúró lápá òsì? Ẹni tó bá mọ̀ á ní Ìyá Kọ́lá ni. Kọ́lá wo? Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Àwọn ìyá wa ló ń sọnù jù, nítorí orúkọ ọmọ ni a fi ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ láàyè, bí wọ́n bá sì lọ, orúkọ ọmọ náà ni a fi ń sin wọ́n.

Àwọn tó bá lọ sí Ìdáàṣà mọ ohun tí a ń sọ. Láti 1954 ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń lọ bá Màríà Mímọ́ ní ihò àpáta Arigbo ní oṣù kẹjọ ọdún, ta ni ó sì lọ tí kò fẹ́ ya fọ́tò kan níwájú òkúta ńlá náà? Bí ẹ bá tẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ti bàbá, ti ọmọ, ti ọmọ-ọmọ, àpáta kò yí padà rárá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó nílò kí a kọ orúkọ àpáta fún òun. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni a kì í kọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín. Pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe bíìkì, nítorí yíǹkì máa ń là á já wá sí ojú ènìyàn. Etí ẹ̀yìn fọ́tò ni kí ẹ kọ ọ́ sí, jẹ́jẹ́: orúkọ ilé, orúkọ batísí, ìlú, ọdún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ń lẹ̀, èyí tí gbogbo wa rà nígbà kan tí a rò pé ó gbayì, òun gan-an ló ń ba fọ́tò jẹ́. Bí ó bá ṣeé yọ láìya, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi í sínú àpò ìwé. Fọ́tò tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ dígí férémù nítorí ọ̀rinrin, ẹ má ṣe fà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi tẹlifóònù yà á bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé tẹlifóònù ti tó. Tẹlifóònù ń bọ́ sínú kànga.

Kì í ṣe fọ́tò ènìyàn nìkan ni ilé ní. Ayàwòrán ọmọ Benin kan, Ishola Akpo, mú àwọn ohun ìdána ìyá àgbà rẹ̀, ó sì ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ya ènìyàn pàtàkì. Ọmọ tó bá ní kẹ́mẹ́rà nínú tẹlifóònù rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé yín ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, kí ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó máa sọ ẹni tó fún un ní èyí àti ẹni tó ru tọ̀hún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà kejì, tábìlì yóò wà lábẹ́ igi ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ yín wá, èyí tí ẹ kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ pàápàá. A ti bẹ àwọn bàbá àti ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kí wọ́n wá jókòó síbẹ̀. Pẹ́ńsù ń bẹ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò lè rìn mọ́, kí ó sọ fún wa, a ó wá bá a nílé.