Ọmọ Tí Ń Gbé Irin, Ẹ Má Fi Ẹyin Dù Ú

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí òwe yìí ti bá àgbẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó bá ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin mu. Kò sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí a kò ti lè rí irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, nínú ilé ìdárayá, tàbí lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti da kọnkéré sínú agolo méjì tí wọ́n sì fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ bí a ti ń gbé irin tí kò mọ bí a ti ń jẹun sí i. Òmíràn a fi inú òfìfo gbé irin lówùúrọ̀, òòyì a sì kọ́ ọ. Òmíràn a tọ́jú owó oúnjẹ rẹ̀ kí ó lè fi ra ìyẹ̀fun inú ike tí àwòrán ọkùnrin alápá bí ìrókò wà lára rẹ̀. Bí ó bá sì délé, tí ó bu oúnjẹ kún oúnjẹ, wọn a pè é ní wọ̀bìà.

Ní ilé Yorùbá àtijọ́, àgbà ni í jẹ ẹran tí ó tóbi. Ọmọdé a gba èyí tí ó kéré. Ní ti ẹyin, wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹ́ yóò di olè. Àwọn baba kò sọ bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹyin ní í di àkùkọ; ẹni tí ó bá jẹ ẹyin lónìí ti jẹ adìẹ ọ̀la. Wọ́n tún fẹ́ kí ọmọ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má wọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀kọ́ ìwà ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà kò ní kí ara ọmọ gbẹ. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ebi súnmọ́ olè ju ẹyin lọ.

Irin a máa ta iṣan ara jí. Oúnjẹ àti oorun ni ó ń mú un dàgbà. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ sọ pé nǹkan bí 0.8 gíráàmù èròjà amáradàgbà fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni ó tó fún àgbàlagbà tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Fún ẹni tí ń gbé irin, nǹkan bí 1.6 ni, èyí tí ó bá lé sí i kò fi bẹ́ẹ̀ mú àfikún wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn 60 kílò yóò máa wá nǹkan bí 96 gíráàmù. Kí ìṣirò yìí má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹyin 2 ní nǹkan bí 12. Ife ẹ̀wà sísè 2 ní bíi 28. Ẹja sísè tí ó wọn 100 gíráàmù ní bíi 20. Ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan ní bíi 7. Èyí ti súnmọ́ 70. Ẹ̀gúsí, ẹ̀kọ, ìrẹsì, wàrà àti ẹran díẹ̀ yóò dí èyí tí ó kù.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ àjèjì nínú wọn. Àwọn ìyá àtijọ́ tí wọ́n ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ, tí wọ́n ń se àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà ní àdàlù, ti ṣe ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá jẹ́rìí sí lẹ́yìn wọn: ohun tí kò pọ̀ tó nínú àgbàdo ń bẹ nínú ẹ̀wà, èyí tí kò pọ̀ tó nínú ẹ̀wà ń bẹ nínú àgbàdo. Kí ẹni tí owó ẹran kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ má sì ṣe banú jẹ́. Bákan náà ni kò yẹ kí ọ̀dọ́ sá fún iṣu àti ẹ̀bà nítorí ẹ̀rù ikùn. Àwọn ni ó ń fún ni ní okun tí a fi ń gbé irin.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Kí oúnjẹ gidi wọ inú ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán kì í sáré lọ gbé irin. Bí àkókò kò bá sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó mu omi, kí ó sì jẹun láìpẹ́. Kí ó pín ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja káàkiri oúnjẹ òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, kí ó má kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́. Olùbẹ̀rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọ oúnjẹ rẹ̀ di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyẹ̀fun inú ike kì í ṣe májèlé. Ara wàrà ni a ti ń yọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfikún oúnjẹ ni, kì í ṣe oúnjẹ. A sì ti rí èyí tí wọ́n lú ní àlùmọ́ pẹ̀lú oògùn tí a kò kọ sára rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé ní láti rí dókítà kí ó tó fi èròjà amáradàgbà kún oúnjẹ rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin, tí ìpín wọn sábà máa ń kéré jù nídìí àwo. Ní ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ti Birmingham ní ọdún 2022, Adijat Adenike Olarinoye gbé àpapọ̀ 203 kílò, Rafiatu Folashade Lawal gbé 206, àwọn méjèèjì sì gba wúrà fún Nàìjíríà. Wọn kò fi ẹnu ọbẹ̀ lásán gbé e.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ kí ó wẹwọ́, kí ó dúró de àgbà, kí ó sì dúpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyẹn ni àṣà tí kò gbọdọ̀ kú. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ẹyin rẹ̀.