Ọmọ Ìlú Kan Náà Ni Wá, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Owó Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Berlin àti Hamburg, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sójú ìwé òwò wa lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ẹnjinníà wa tó ń dá iṣẹ́ ṣe, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún wọn. Ìjà owó iṣẹ́ ni.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ra ilé, ó fẹ́ wó ògiri kan. Ó pe ọmọ ìlú wa tó jẹ́ ẹnjinníà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ẹ̀gbọ́n béèrè ohun tó fẹ́ ṣe, àbúrò béèrè iye rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Má ṣèyọnu, a ó jọ sọ ọ́." Ó lọ wọn ilé, ó ṣe Statik, ó ya àwòrán. Nígbà tí ìwé owó dé, àbúrò figbe ta: "Mo rò pé ẹ ń ràn mí lọ́wọ́ ni!" Láti ọjọ́ náà, tí ọ̀kan bá wá sí ìpàdé, èkejì kò ní wá. Lójú tèmi, kì í ṣe olè ni oníbàárà, kì í sì í ṣe ọ̀kánjúà ni ẹnjinníà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó nígbà tó yẹ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin wí. HOAI ni òfin owó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé àti ẹnjinníà ní Jámánì. Tẹ́lẹ̀, ó la iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù sílẹ̀ ní túláàsì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní Luxembourg ní túláàsì náà kò bá òfin mu. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021, iye tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí ni iye iṣẹ́, bí ó bá ti wà ní kíkọ. Ìmélì náà tó. Bí àdéhùn iṣẹ́ bá wà tí ẹ kò kọ iye, owó ìpìlẹ̀ inú HOAI ni òfin máa mú. Nítorí náà, "a ó jọ sọ ọ́" kò túmọ̀ sí ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè owó ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àdéhùn iṣẹ́ wà lóòótọ́.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ ká mọ̀. Lọ́dún 2016, ẹnjinníà kan bá ilé iṣẹ́ Thelen Technopark Berlin ṣe àdéhùn iṣẹ́ ní 55,025 Yúrò. Lọ́dún 2017 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó tún owó rẹ̀ ṣírò ní iye tó kéré jù lábẹ́ òfin àtijọ́, ó ní ó ṣì ku ohun tó lé ní 102,000 Yúrò. Ẹjọ́ náà dé Luxembourg, ó padà sí Karlsruhe, ẹnjinníà náà sì jàre ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun náà á rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Òfin àtijọ́ ló gbà á. Lónìí, bí o bá kọ 2,000 Yúrò sílẹ̀, 2,000 Yúrò náà ni.

Ohun kejì le ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá ṣe àdéhùn ní pálọ̀ oníbàárà tí kì í ṣe oníṣòwò, ó sábà máa ń ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un ní kíkọ. Ọkùnrin kan ní Jámánì gba iṣẹ́ wáyà iná ilé láìṣe bẹ́ẹ̀. Ó parí iṣẹ́, oníbàárà yí ọkàn padà, ilé ẹjọ́ Luxembourg sì sọ ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé oníbàárà kò ní san kọ́bọ̀.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni ká máa kọ ìwé láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mi ò gbà. Ṣé alájọ kì í sàmì sí káàdì nílé ni? Ta ló bínú sí i? Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú àbúrò, ẹ kọ iye kíkún, ẹ kọ ẹ̀dínwó sábẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí oore tí ẹ ṣe é. Ẹ kọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ sì máa gba owó ní ìpele-ìpele, kí gbogbo rẹ̀ má baà di ọ̀kẹ́ kan lójú oníbàárà lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

1. Oníbàárà, bí iṣẹ́ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kọ ohun tó kù síbẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá. San èyí tí ẹ kò jà lé lórí. Má kàn dákẹ́.

2. Ẹnjinníà, fi ọjọ́ ìsanwó sínú ìwé ìránnilétí. Má ṣe gbé e lọ sí ìpàdé tàbí ibi ìsọmọlórúkọ.

3. Ẹ wá alárinà. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjinníà, ìyẹn Baukammer Berlin àti Hamburgische Ingenieurkammer-Bau, ní ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà. Ní Hamburg, ÖRA náà ń ṣe alárinà.

4. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, Mahnbescheid wà. Ará Berlin á gbé e lọ sí Amtsgericht Wedding, ará Hamburg á lọ sí Amtsgericht Hamburg-Altona. Kóòtù kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o jàre o. Oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ 2 láti kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ ọ́, ó di ẹjọ́ gidi. Gbèsè náà sì máa ń kú lẹ́yìn ọdún 3, tí a bá kà á láti ìparí ọdún tí owó tó san.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà nílé ẹ̀kọ́ gíga níbí. Bí wọ́n bá rí i pé ará ilé ni kì í sanwó, ọ̀dọ̀ àjèjì nìkan ni wọn yóò ti máa wá iṣẹ́, àwa náà á sì pàdánù wọn. Ìmélì ìlà mẹ́wàá kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ sọ ara wa nù.

Kí Elédùmarè bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa o. Àṣẹ.