Ojú Wa Ló Tàn Wá, Àbí Ọwọ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa la fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ká tó fẹnu kan ẹlòmíì.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbógun wọ Ukraine, ẹnì kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Alẹ́ ni nínú àwòrán náà. Ilé gogoro kan ń jóná, èéfín dúdú bo ojú ọ̀run, iná ọta ń fò kọjá lókè. Wọ́n kọ orúkọ ìlú kan sábẹ́ rẹ̀. A ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. A fi sórí gúrúùpù ìjọ, a ní kí gbogbo ilé dìde fún àdúrà.

A gbàgbé pé ìyá kan wà láàárín wa tí ọmọ wọn ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú yẹn gan-an. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ukraine nígbà náà kò kéré o. Màmá rí àwòrán náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n pe ọmọ, fóònù ò lọ. Wọ́n tún pè, kò lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru sókè débi pé ọsibítù ni wọ́n gbé wọn lọ.

Ọmọ náà wà láàyè. Inú ọkọ̀ ojú irin ló wà, ó ń sá lọ sí ẹnu bodè Poland, bátìrì fóònù rẹ̀ ló kú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó máa ń bá wa to àga wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Ó dọ̀bálẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú o. Àwòrán tí ẹ fi sórí gúrúùpù yẹn, géèmù ni o." A bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí fèrèsé mẹ́ta lára ilé tó ń jó: "Ẹ wò ó, sà. Bí èyí ṣe fọ́ náà ni èyí ṣe fọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta. Bọ́ǹbù wo ló ń fọ́ fèrèsé báyẹn?" Ó ní ká tún wo èéfín. Níbi tó ti kan ògiri, ńṣe ni etí rẹ̀ gún régé bíi bébà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé.

Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún ò rí i. Ọmọ kékeré rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọ wa léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn géèmù yìí. Haa! Ọgbọ́n pọ̀ nínú ayé. Nínú Doom tó jáde ní 1993, àwọn ẹ̀dá burúkú tó ń lé èèyàn kiri yẹn, àwòrán pẹlẹbẹ ni wọ́n. Ibi yòówù kí ẹ dúró sí, àwòrán náà á máa kọjú sí yín, ẹ ò sì ní rí i láé pé kò nípọn. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe èéfín àti iná nínú ọ̀pọ̀ géèmù: àwòrán pẹlẹbẹ lórí àwòrán pẹlẹbẹ. Tí ọ̀kan bá wá wọnú ògiri, á gé síbẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹn rí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sídìí PlayStation 2 á rántí San Andreas tó jáde ní 2004. Ṣé ẹ rántí bí ìrìn Los Santos sí San Fierro ṣe máa ń dà bí ìrìn àjò gidi? Ẹ̀ẹ́ wa mọ́tò títí, òkè, igbó, kùrukùru. Kùrukùru yẹn gan-an ni àṣírí ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà ò lágbára láti ya ohun tó jìn, ni wọ́n bá fi kùrukùru bò ó. Nígbà tí wọ́n tún géèmù náà ṣe ní 2021, tí kùrukùru ká, àwọn èèyàn gun orí Mount Chiliad, wọ́n ya àwòrán láti òkè, wọ́n rí i pé ìlú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà èkejì. Inú bí àwọn kan gidigidi. Àwa rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn ò rí ló ti ń mú ibẹ̀ tóbi lójú wọn láti ọdún yìí wá.

Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan máa ń wàásù pé idán ni gbogbo èyí, pé èṣù ló ń fi géèmù di àwọn ọmọ lójú. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a ò bá wọn gbà á. Ẹni tó ń gbá géèmù mọ̀ pé géèmù lòun ń gbá. Géèmù kan wà tó ń jẹ́ Monument Valley, ó jáde ní 2014. Ẹ̀ẹ́ yí òpó kan díẹ̀, ọ̀nà méjì tí kò kan ara wọn rárá á dà bíi pé wọ́n so pọ̀, ọmọdébìnrin inú rẹ̀ á sì rìn ín kọjá. Ta ló parọ́ fún ta níbẹ̀? Irọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti yọ àwòrán kúrò nínú géèmù, tó wá fún un lórúkọ ìlú tí èèyàn ti ń kú.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2011, ITV ní Ìlú Ọba fi fídíò Arma 2 hàn nínú ètò kan nípa Gaddafi bíi pé ogun gidi ni. Ní oṣù kọkànlá 2017, iléeṣẹ́ ètò ààbò Rọ́ṣíà gbé àwọn àwòrán kan jáde, wọ́n ní ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn lé lórí ni; ọ̀kan nínú wọn wá láti inú géèmù orí fóònù. Ìjọba odidi o! Ní 2022 kan náà, fídíò awakọ̀ òfuurufú tí wọ́n pè ní Iwin Kyiv gbòde kan, inú géèmù DCS ló ti wá.

Nígbà tó yá, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Bohemia Interactive tó ṣe Arma 3 ní orílẹ̀-èdè Czech kọ̀wé jáde láti kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe lè dá fídíò géèmù wọn mọ̀. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ kì í mọ́, ọwọ́ tó dì í máa ń gbọ̀n, òru ló sábà máa ń jẹ́, kò sí ohùn, ẹ ò sì ní rí èèyàn tó ń rìn. Ẹ gbọ́ ná: àwòrán tiwa ṣú, kò mọ́, kò sí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó mú wa fura ló mú wa gbà á gbọ́. A rò pé ẹni tó ń sá fún ikú kò ní ráyè ya àwòrán tó dára.

Ará wa kan sọ fún wa pé, "Daddy, ṣebí ogun náà ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́? Àdúrà la sì gbà. Kí ló wá bàjẹ́?" Ohun tó bàjẹ́ kọ́kọ́ ni ara Màmá. Èkejì rèé. Ní oṣù kẹta, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé tíátà ní Mariupol, níbi tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ dé orí gúrúùpù wa, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Géèmù Daddy tún ti dé o," àwọn mélòó kan sì fi ẹ̀rín sí i. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Èèyàn kú níbẹ̀. Àwa la kọ́ wọn láti rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà yẹn, àwòrán ogun kankan kì í dé orí gúrúùpù wa kí ọmọkùnrin yẹn má tíì wò ó. Ara Màmá ti yá, ọmọ wọn sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Poland. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí a bá fi àwòrán ránṣẹ́, Màmá kì í ṣí i. A ò bá wọn jà.