Orúkọ Jámánì kan ní Atakpamé, orúkọ Adéṣínà kan nílé wa

Ọ̀rọ̀ ọjà Ikpinlè ni mo ṣèlérí fún yín lójú ewé yìí, ṣùgbọ́n ọjà náà yóò dúró dè wá. Ìbéèrè ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ló gba ipò rẹ̀. À ń ka ìtàn ìjọba àwọn òyìnbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a dé orí Tógò, mo sì kọ orúkọ ààrẹ kejì orílẹ̀-èdè náà sára pátákó: Nicolas Grunitzky. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní orúkọ oògùn ibà ni. Ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sókè, ó ní: « Monsieur, báwo ni ọmọ Áfíríkà ṣe jẹ́ irú orúkọ yẹn? Ṣé àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀ láyé? »

Mo fún un ní ìdáhùn kúkúrú lọ́jọ́ náà, nítorí agogo ti fẹ́ lù. Ìdáhùn gígùn rẹ̀ nìyí. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀.

Atakpamé ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ìlú orí òkè ní ilẹ̀ Tógò. Àwọn Ifẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ìbátan wa ni wọ́n. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wọn, èdè wọn àti èdè Nàgó tiwa kò sì jìnnà síra. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, mo kọ́kọ́ ń wò bí àlejò; nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ń sọ ní ìdí ààrò, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ìlú yìí ni wọ́n bí Nicolas Grunitzky ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1913. Ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé ọba Atakpamé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Jámánì tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Pólándì. Àwọn Jámánì ló ń ṣàkóso Tógò nígbà náà, láti ọdún 1884 tí Gustav Nachtigal ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórúkọ wọn. Ní Kamina, tí kò jìnnà sí Atakpamé, wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan tí yóò máa bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀ láìsí okùn láàárín wọn. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fa òyìnbó wọ àgbègbè náà, ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, aya wọn kò sì bá wọn wá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e.

Ní ọdún 1913 kan náà, gómìnà Jámánì ní Tógò gbé àṣẹ kan jáde pé ọmọ tí òyìnbó bá bí fún obìnrin ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀. Wọn kò dí bàbá lọ́wọ́ àtibí ọmọ. Orúkọ ni wọ́n dí ọmọ lọ́wọ́ àtijẹ́. Lójú tèmi, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹni tó bá jẹ́ orúkọ bàbá lè bèèrè ogún bàbá lọ́jọ́ kan, ó sì lè bèèrè ẹ̀tọ́ ọmọ Jámánì pẹ̀lú.

Àṣẹ náà kò pẹ́ láyé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ Kamina jẹ́, wọ́n sì túúbá fún Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 26 oṣù náà. Ìjọba tó ní kí orúkọ parẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ náà lọ kàwé ní Faransé, ó di ẹnjinníà, ó di olórí ìjọba Tógò láti 1956 sí 1958. Dina Grunitzky, arábìnrin rẹ̀, ni ìyàwó Sylvanus Olympio, ààrẹ kìíní Tógò. Àna ara wọn ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n sì ń bá ara wọn du ipò nínú òṣèlú. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n pa Olympio, àwọn ológun sì pe Grunitzky wá gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1967 ni àwọn ológun tún gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Paris ní 1969.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé Jámánì kò ṣòroó túmọ̀. Müller, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ni ẹni tó ń lọ ọkà. Schmidt ni alágbẹ̀dẹ. Láti bí ọ̀rúndún kejìlá ni àwọn ará ìlú ńlá ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ abúlé tàbí ìnagijẹ bàbá kan ṣe orúkọ gbogbo ìran rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìparí Grunitzky: -itzky. Ìparí yìí kì í ṣe ti èdè Jámánì. Àwọn ará Pólándì ń kọ ọ́ ní -icki, nítorí lẹ́tà c tiwọn ń dún bí « ts ». Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń fi ibi tí ìdílé ti wá hàn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ẹnìkan ní « ará Kétou » títí tí yóò fi mọ́ ọn lára. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di 1918 ni apá kan Pólándì fi wà lábẹ́ ìjọba Prussia. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì ibẹ̀, èdè Jámánì ló ń kọ. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó fi lẹ́tà tirẹ̀ kọ sílẹ̀: c di tz, i ìparí di y. Kí orúkọ yìí tó dé Atakpamé rárá, gègé àlejò ti kọjá lórí rẹ̀.

Èyí ló mú wa dé ìbéèrè kejì ọmọbìnrin náà. Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ni Grunitzky, ní Jámánì gan-an, kí a má tíì sọ ti Tógò. Àwọn onímọ̀ Jámánì tó ṣe ìwé àwòrán-ilẹ̀ nípa orúkọ ìdílé wọn, ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ọdún 2005 ni wọ́n lò láti ka àwọn orúkọ náà. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ ìwé tẹlifóònù kò mọ ìbátan. Bí bàbá kan bá ń kọ tirẹ̀ ní tzky, tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń kọ ọ́ ní tzki, tí ẹ̀ka ìdílé tó dúró sí Pólándì ń kọ ọ́ ní cki, orúkọ mẹ́ta ni yóò rí. Ìran kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ di orúkọ mẹ́ta tó ṣọ̀wọ́n.

Orúkọ tún máa ń kéré nítorí ọ̀nà tó ń gbà rìn. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ọmọkùnrin nìkan ló ń gbé e lọ síwájú, bàbá tó bí ọmọbìnrin mẹ́fà ti bí ọmọ, orúkọ rẹ̀ kò sì ní arọ́lé. Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Galton, gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ìbéèrè ní 1873, àlùfáà Watson sì bá a ṣe é: wọ́n rí i pé orúkọ lè kú nígbà tí iye ènìyàn ìlú kò dín kù rárá. Mo fún kíláàsì mi ní ìṣirò náà. Olùkọ́ mátìmátíìkì ní mo ti wọ oko òun.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etí òkun wa. Francisco Félix de Souza dé Ouidah láti Bùràsíìlì, ó sì kú síbẹ̀ ní 1849. Ìyàwó rẹ̀ pọ̀, ọmọ rẹ̀ kún ilé, àwọn mìíràn tó sì jẹ́ ẹrú tàbí ìránṣẹ́ ní ilé àwọn Àgùdà ń jẹ́ orúkọ olówó wọn. Lónìí, láti Lomé dé Porto-Novo, ta ni kò mọ ẹnìkan tó ń jẹ́ de Souza? Orúkọ àjèjì ni, ó wá di ti ilẹ̀ yìí. Nínú àwọn ìdílé Àgùdà tó kù, àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń fi Yorùbá ki ara wọn láàárọ̀. Ti Grunitzky kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó rìn jìnnà: Claude Grunitzky, tí wọ́n bí ní Lomé, ló dá ìwé ìròyìn TRACE sílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ dáadáa nítorí orin.

Mo ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin náà dúró dè mí lẹ́yìn iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń gba ìwé àwọn tí yóò ṣe ìdánwò BEPC, orúkọ tirẹ̀ sì ti dá wàhálà sílẹ̀. Adéṣínà ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, adé ló ṣí ọ̀nà. Nínú ìwé bàbá, Adechina ni. Nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Adéchina, pẹ̀lú àmì Faransé lórí e. Bàbá rẹ̀ àgbà tó ń gbé ní apá Nàìjíríà ń kọ ọ́ ní Adeshina. Tirẹ̀ ni ó burú jù: akọ̀wé kan, níbi tí mi ò ní dárúkọ, kọ ọ́ ní Adétchinan. Ó ti wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì rí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ. Ó ní: « Monsieur, tèmi ṣọ̀wọ́n ju Grunitzky lọ. »

Ẹ̀rín kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà Massè, oko ọ̀pẹ àti oko àgbàdo. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò bá ti bàbá mu, ta ló mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ni? Gbogbo wọn jẹ oúnjẹ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, gómìnà ọdún 1913 yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Òun gbé àṣẹ jáde kí ọmọ má baà jẹ́ orúkọ bàbá. Níhìn-ín, akọ̀wé tó ń kánjú ti ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ní ibi kankan lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé orúkọ ìdílé kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Olúkúlùkù ló ń gba orúkọ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì. Oríkì orílẹ̀ ló ń sọ ìdílé, ìyẹn sì jẹ́ ohùn tí a ń gbọ́, kì í ṣe lẹ́tà tí a ń kà. Faransé ló mú àṣà tirẹ̀ wá, àṣà tí òfin ọdún 1794 ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn ju èyí tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ lọ. Ó tún mú ohun àrà kan bá wa. Obìnrin ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Èmi olùkọ́ sì ń dúró lójú agbo láràárọ̀, mo ń pariwo orúkọ bàbá àgbà gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan tó ń kọjá lẹ́bàá ọgbà ilé-ìwé bi mí rí pé irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn.

Mo rò pé àtúnṣe ni ọmọ náà ń wá. Mo ṣàlàyé fún un pé a ní láti lọ sí ilé ẹjọ́, kí wọ́n fi tirẹ̀ bá ti bàbá mu. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò fẹ́ Adechina. Orúkọ tó wà nínú ìwé òun, òun ló wà lára gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ òun láti CI. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ta ni ẹni tó gba ipò kìíní ní ọdún tó kọjá? Ìyá rẹ̀ bínú sí i, ó ní ilẹ̀ ni kó rò, kó má ro lẹ́tà. Mo gbà pẹ̀lú ìyá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ọmọ náà ń sọ ìsọkúsọ. Ìdílé Grunitzky kò padà lọ kọ tiwọn ní -icki.

Lánàá ó padà wá pẹ̀lú ewé ìwé kan. Ó ti kọ Adéṣínà sí i bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú àmì ohùn lókè àti àmì lábẹ́ s. Ó ní bí gbogbo ìdílé bá máa yí tiwọn padà, kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ sí èyí. Mo sọ fún un pé kò dájú pé kọ̀ǹpútà wọn ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sáà bá òun bèèrè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń lọ. Ìyá rẹ̀ yóò mú ìwé bàbá dání, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì ti Cotonou wá bá wa.